Ilé Gogoro Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pópó Àgùdà

Ẹni tó bá rìn gba Pópó Àgùdà l'Ékòó kọjá lónìí yóò ṣì rí díẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn tó ti Bràsíl dé kọ́. Ìgbàkúùgbà tí oníṣòwò ilé bá ní òun fẹ́ gbé fúláàtì gogoro sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: ìlú ń fẹ́ ilé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Ṣé ìyálójà tó ń háyà yàrá kan ní Láfíàjì?

Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ Pópó Àgùdà kì í ṣe àpáta. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi á yọ. Bí katakata bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ńlá, ògiri àtijọ́ ti ilé kejì ni yóò kọ́kọ́ sán. Gọ́tà tó ti kún fún ìdílé mẹ́wàá ni wọn yóò tún darí omi ìdọ̀tí ìdílé ọgọ́rùn-ún sí.

Àṣẹ ìjọba nìkan kò sì tó ààbò. Ilé àtijọ́ kan ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní September 2016. Ọjọ́ Àìkú ni, nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì!

Kí ìjọba tó buwọ́ lu ìwé àṣẹ ilé gogoro kankan, kí wọ́n gbé àwòrán ilé náà síta lójú pópó, kí ará àdúgbò rí i.