Kí Ni Wọ́n Yọ Kúrò Nínú SSD Olówó Pọ́ọ́kú?

Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Ìkẹjà ló ṣì ń gbé háàdì dísìkì sínú. Ẹni tó rà á yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò lọ bu omi mu, yóò padà dé, Windows kò ní tíì jí tán. Bó bá fẹjọ́ sùn, ìmọ̀ràn méjì ló máa ń gbà: kó tà á, kó fowó lé e ra tuntun, tàbí kó yọ háàdì dísìkì yẹn, kó fi SSD rọ́pò rẹ̀. Bó bá mú èkejì, ìbéèrè mìíràn tún ń dúró dè é níwájú ìsọ̀: ṣé èyí tó wọ́n ni yóò rà, àbí olówó pọ́ọ́kú? Èrò tèmi ni pé kó ra olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n kó tó sanwó, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kì í ṣe sàráà. Bí iye owó SSD méjì bá jìnnà síra, nǹkan kan wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n yọ náà kò wúlò rárá fún ẹni tó ń rà á. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òun gan-an ni ẹni náà rò pé òun ń sanwó fún.

Ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí háàdì dísìkì fi ń fà. Awo pẹlẹbẹ ló ń yí nínú rẹ̀, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù, apá tín-ínrín kan sì ń lọ ó ń bọ̀ lórí awo náà láti wá ibi tí fáìlì wà. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá béèrè nǹkan kékeré kan, apá yìí ní láti gbéra, kó sì dúró kí awo yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń gbà tó ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Ó jọ pé kò tó nǹkan, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbéèrè tó lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ ni Windows ń béèrè nígbà tó bá ń jí. SSD kò ní awo, kò ní apá. Iná tí wọ́n há mọ́ inú àwọn yàrá kéékèèké nínú ṣípù ló fi ń rántí nǹkan. Fujio Masuoka, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé irú ṣípù yìí, tí wọ́n ń pè ní NAND, síta ní 1987. Nítorí pé kò sí ohun tó ń yí, SSD tó rẹlẹ̀ jù lọ, bó bá ṣáà ti jẹ́ ojúlówó, lè dáhùn ìbéèrè tó ju 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí iṣẹ́ bá tò dè é.

Ẹnu ọ̀nà tí háàdì dísìkì ń gbà bá lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ sọ̀rọ̀, SATA ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì lè gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju bíi MB 560 lọ. Kingston A400 GB 240, tó wà lára àwọn tí a mọ̀ sí olówó pọ́ọ́kú, ń ka MB 500, ó sì ń kọ MB 350, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe sọ. Samsung 870 EVO tó wọ́n jù ú lọ ń ka 560, ó sì ń kọ 530. Háàdì dísìkì lápútọ́ọ̀pù ńkọ́? Bíi 100 ni tirẹ̀, ìyẹn náà nígbà tí fáìlì bá tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó kúrò ní 100 bọ́ sí 500, ojú rẹ̀ yóò rí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó kúrò ní 500 bọ́ sí 560, aago ni yóò fi mọ̀. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Àwọn SSD tí wọ́n ń pè ní NVMe, tó ń sáré dé MB 3,500, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n ń wọ̀ kò sí nínú ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tí à ń sọ yìí. (Ẹni tí tirẹ̀ bá ní ihò M.2, kó ṣọ́ra: M.2 ti SATA wà, ti NVMe wà, wọ́n jọra lójú, ihò kan kò sì fi dandan gba méjèèjì.)

Kí wá ni wọ́n yọ? Ohun àkọ́kọ́ ni DRAM. Gbogbo SSD ló ní àkọsílẹ̀ tó fi ń mọ yàrá tó kó nǹkan kọ̀ọ̀kan sí. Èyí tó wọ́n sábà máa ń ní RAM kékeré tirẹ̀ tí àkọsílẹ̀ náà ń gbé, kó lè tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Olówó pọ́ọ́kú kò ní in, inú ṣípù tó kó ẹrù sí náà ni yóò ti máa lọ wò ó. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń ṣírò owó ọjà lórí Excel, tó ń wo YouTube, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan dín. Yíyọ tí kò pa á lára nìyẹn.

Èkejì le ju ìyẹn lọ. Bíìtì mélòó ni wọ́n há sínú yàrá kọ̀ọ̀kan? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, SLC ni, méjì, MLC, mẹ́ta, TLC, mẹ́rin, QLC. Kí bíìtì mẹ́rin tó lè gbé yàrá kan, SSD ní láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpele iná 16 tó fara kínra. Kíkọ ọ́ gba sùúrù, yàrá náà sì ń tètè gbó. Àwọn tó ń ṣe é wá dọ́gbọ́n sí i: wọ́n ya apá kan ṣípù sọ́tọ̀ bí ọ̀ọ̀dẹ̀, bíìtì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kọ sí yàrá ibẹ̀. Ẹrù tó bá dé, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí ní kíá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa rọra kó o wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹrù bá pọ̀ ju ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ. Samsung fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nípa 870 QVO TB 1, tó jẹ́ QLC, pé lẹ́yìn bíi GB 42 àkọ́kọ́, kíkọ rẹ̀ yóò já wálẹ̀ sí MB 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Háàdì dísìkì tí à ń sá fún gan-an lè kọ jù bẹ́ẹ̀! Ẹ wo onífídíò tó ya òde ìgbéyàwó ní Sátidé, tó fẹ́ da GB 200 láti orí SSD kan tó yá sórí irú èyí: GB 158 tó kù lẹ́yìn tí ọ̀ọ̀dẹ̀ bá kún yóò gbà tó ìṣẹ́jú 33, bẹ́ẹ̀ 870 EVO TB 1 yóò ṣe é tán ní bíi márùn-ún. Fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, olówó pọ́ọ́kú ni yóò ná an lówó jù, n kò sì ní gbà á nímọ̀ràn kó rà á.

Àwọn tó ń bẹ̀rù SSD olówó pọ́ọ́kú máa ń sọ pé kíá ló ń gbó. Ó ń gbó lóòótọ́, torí iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sí yàrá kan ní òpin, òdiwọ̀n rẹ̀ sì máa ń wà nínú ìwé rẹ̀ lábẹ́ TBW. Ti A400 GB 240 jẹ́ TB 80. Ti 870 EVO GB 250 jẹ́ 150. Ó dẹ́rù bani, àfi bí a bá ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń kọ GB 20 sórí rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò fi ọjọ́ Àìkú sinmi, yóò lo ọjọ́ 4,000 kí TB 80 tó pé; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 11. Ilé ìròyìn The Tech Report ní Amẹ́ríkà dán SSD mẹ́fà wò láti 2013 di 2015, wọ́n ń kọ nǹkan sí wọn láìsinmi títí wọ́n fi kú. Kò sí ọ̀kan tó kú kó tó dé TB 700. Mo mọ̀ pé MLC ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì lágbára ju QLC òde òní lọ, nítorí náà n kò ní fi ẹ̀rí yẹn gbèjà gbogbo SSD. Ṣùgbọ́n Samsung 840 tó jẹ́ TLC láàárín wọn kọjá 900 kó tó kú.

Ikú òjijì ló yẹ ká bẹ̀rù. Háàdì dísìkì tó fẹ́ kú sábà máa ń kígbe: yóò máa dún, fáìlì yóò máa fà, olówó rẹ̀ yóò sì ráyè kó ẹrù rẹ̀ jáde. SSD lè ṣiṣẹ́ lálẹ́ kó má jí láàárọ̀. Bí iná bá lọ nígbà tó ń tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ, àkọsílẹ̀ náà lè dàrú. SSD tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà ńláńlá ní kápásítọ̀ tó ń gbé e dúró títí yóò fi parí ohun tó ń kọ; èyí tó wà ní ìsọ̀ fún aráàlú, ì báà wọ́n, ì báà má wọ́n, kì í sábà ní in. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ láìdágbére, lápútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú ń fi SSD rẹ̀ sínú ewu. Owó tí olówó rẹ̀ ìbá fi kún un ra SSD tó wọ́n, kó fi ra bátìrì. Kó má sì ju háàdì dísìkì tó yọ nù: kó ra àpótí USB fún un, kó máa da ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Háàdì dísìkì yẹn ni yóò jẹ́ àká. SSD olówó pọ́ọ́kú kò lè ṣe àká. Ohun tí òdiwọ̀n JEDEC, àjọ tó ń gbé òdiwọ̀n kalẹ̀ fún ṣípù, béèrè lọ́wọ́ SSD aráàlú tó ti lo TBW rẹ̀ tán ni kó ṣì rántí ohun inú rẹ̀ fún ọdún kan láìrí iná, ní ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30°C. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì ní oṣù Kẹta lè gbóná jù bẹ́ẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó àti ohùn ìyá tó ti lọ kò yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀ lórí irú nǹkan yẹn.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025, Windows 11 kò sì ka lápútọ́ọ̀pù tí Intel rẹ̀ kò tíì dé ìran kẹjọ mọ́ àwọn tó gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé à ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀? Ìbá jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí owó SSD bá ń kú pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n síkúrù mélòó kan ló so SSD SATA oníǹṣì 2.5 mọ́ ọn. Ó ń bọ́ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ó sì ń bọ́ sínú àpótí USB. Títí lápútọ́ọ̀pù náà yóò fi kú, ẹni tó bá fi Linux sórí rẹ̀ yóò ṣì máa rí ìtọ́jú gbà. Bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ GB 2 tí kò sì ṣe é fi kún, ìyẹn ni kó má náwó sí.

Gbogbo yíyọ tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, ó yẹ kó ṣe é kà lára ọjà kí a tó rà á. Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni yíyọ tí wọ́n fi pamọ́. Ní 2021, ó hàn síta pé Crucial ti pàrọ̀ TLC inú SSD P2 rẹ̀ sí QLC, orúkọ kan náà ló sì wà lára páálí. Kingston ti yí ohun inú V300 padà báyẹn ṣáájú. Bí olórúkọ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, aláìlórúkọ ńkọ́? Ayédèrú tí wọ́n kọ TB 2 sí lára wà lórí igbá, tí ohun tó lè gbà ní tòótọ́ kò ju ìwọ̀nba GB lọ, tó sì ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà títí fáìlì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ètò ọ̀fẹ́ bíi H2testw àti F3 ń kọ nǹkan kún un dé ẹnu, wọ́n sì ń kà á padà. CrystalDiskInfo sì ń fi iye wákàtí tí SSD náà ti ṣiṣẹ́ hàn ní ìṣẹ́jú kan, a ó sì mọ̀ bí "tuntun" bá ti lo ọdún mẹ́ta níbòmíràn. Ẹni tó ń ta gílóòbù máa ń tàn án wò lójú wa kí a tó sanwó, ẹnikẹ́ni kì í sì kà á sí àrífín. Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, sílẹ̀ kọ̀ fún olùtajà láti ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ohun tó ń tà. Kí àwọn ọlọ́jà Computer Village tan SSD náà wò bíi gílóòbù, kí wọ́n kọ TLC tàbí QLC sórí rìsíìtì, kí wọ́n sì fún oníbàárà ní ọjọ́ méje láti fi kún un dé ẹnu kí gbólóhùn "a kì í gbọjà padà" tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.