Kí Àpẹẹrẹ Kékeré Ṣáájú Ńlá

Ní oṣù April 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A láti nǹkan bíi ₦68 sókè sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ní oṣù May, NLC àti TUC lọ dí ẹnu ọ̀nà wọn. A pariwo, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìṣirò kalẹ̀ níwájú wa, ta ni nínú wa tó lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Lónìí, àwọn tó ń gbèrò irú ẹ̀rọ tí yóò máa pèsè iná àti iye tí yóò náni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni PyPSA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Frankfurt ní Jámánì. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ PyPSA-Earth, tí ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 2023. Nàìjíríà gan-an ni wọ́n fi dán an wò, Nàìjíríà àti Benin ni wọ́n sì mú ṣe àpẹẹrẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwa ará ẹnubodè, tí a mọ̀ pé wáyà ńlá ti Ikeja West ti ń gbé iná lọ sí Sakété láti 2007, ó yẹ kí inú wa dùn sí i.

Inú wa dùn, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ náà ṣì wúwo jù. Lóòótọ́ wọ́n gé e kúrú: ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n mú nínú wákàtí 8,760 tó wà nínú ọdún. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ to oríṣiríṣi nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì fa ẹrù data wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó tó rí ìdáhùn kan. Bí ìdáhùn bá sì dé, kò sí bí ó ṣe lè fi bírò àti ìwé yẹ̀ ẹ́ wò. Ó di gbà-mí-gbọ́. Kódà ọ̀rọ̀ lásán ń dá ni dúró: oríta tí wáyà ti ń pàdé, "bus" ni wọ́n ń pè é. Ẹ sọ ìyẹn fún dẹ́rẹ́bà kan ní gáréèjì Ìlaròó, kí ẹ wo ojú tí yóò fi wò yín.

Ohun tí a fẹ́ nìyí: kí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ká ní ó ń lo mẹ́gáwáàtì 2 fún wákàtí 12 ojúmọmọ, àti 1 fún wákàtí 12 òru. Ti ọ̀sán jẹ́ 24, ti òru jẹ́ 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì-wákàtí 36. Sólà kì í ṣiṣẹ́ lóru. Nítorí náà, 12 ti òru yóò wá láti inú bátìrì, tàbí jẹnẹrétọ̀, tàbí wáyà ìta. Èwo ni owó rẹ̀ kéré jù? Irú ìbéèrè yìí náà ni ètò ńlá ń dáhùn fún odidi orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò èyí kò ní sọnù bí a bá fi wáyà kan àti ìlú Ayétòrò kún un.

Èyí tó dùn wá jù ni pé, bí ẹ̀rọ kò bá tó iná tí ìlú ń fẹ́, ètò náà yóò dáhùn pé kò ṣeé ṣe, yóò sì dúró síbẹ̀, àfi bí ẹni tó ń lò ó bá ti fi àyè sílẹ̀ fún iná tí wọ́n mú lọ, tó sì kọ iye tí òkùnkùn náà ń náni. Kò ṣeé ṣe kẹ̀! Lọ́dọ̀ wa ńkọ́, ṣebí ojoojúmọ́ ló ń ṣeé ṣe. Àpẹẹrẹ tí a ó fi kọ́ ọmọ Yewa gbọ́dọ̀ ní àyè yìí láti ojú ewé kìíní, kí wọ́n sì ka wákàtí tí wọ́n dá òṣìṣẹ́ padà sílé láìsanwó mọ́ iye náà. Bí a kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ẹlòmíràn ni yóò bá wa kọ ọ́.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣètò iná tirẹ̀. A ó gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ pé kí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì alẹ́ lórí ìṣirò yìí, ní èdè Yorùbá, bírò àti ìwé ṣáájú kọ̀ǹpútà, kí a sì bẹ àwọn olùkọ́ Pólì Ìlaròó pé kí wọ́n wá ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kíláàsì náà, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka.