Kọ̀ǹpútà Pẹ̀lú Ọrọ̀-Ajé: Ṣé Àbùlà Ni?

Lẹ́tà tí a fẹ́ dáhùn lóṣù yìí ti Ìmíní wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, láti ọwọ́ bàbá kan tí ó ń dáko ọsàn àti ẹ̀gẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni òun yàn láti kà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n gbà á wọlé, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Àfi ìgbà tí bàbá ní kí wọ́n ka ìwé náà sí òun létí, ni wọ́n bá ka Computer Science with Economics. Inú bàbá bàjẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà gidi ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ àbùlà, ó sì ń rò ó pé kí ọmọ náà kọ̀ ọ́, kí ó tún JAMB ṣe lọ́dún tí ń bọ̀.

Bàbá wa, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọrọ̀-ajé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ ìṣirò fún àwọn mìíràn. Kọ̀ǹpútà ni olórí ẹ̀kọ́ náà, èkejì ni igbákejì. Àwọn olùkọ́ tí ń gba ìwé ẹ̀rí NCE pàápàá, ẹ̀kọ́ méjì ni púpọ̀ nínú wọn ń kà pọ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú ni pé wọ́n rò pé títẹ lẹ́tà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, bí ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìwé orúkọ ọmọ ìjọ. Bí orúkọ 1,000 bá wà níbẹ̀ láìtò, ẹni tí ń wá ẹnì kan lè ka gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n ní a, b, d, a ó ṣí àárín ìwé, a ó mọ̀ bóyá iwájú ni orúkọ náà wà tàbí ẹ̀yìn, a ó pa ìdajì tì, a ó sì tún ṣí àárín ìdajì tí ó kù. Kò ní ju ìgbà 10 lọ tí a ó fi bá a. Bí orúkọ bá di 1,000,000, ìgbà 20 péré ni. Irú ọgbọ́n báyìí ni wọ́n ń kọ́ kí wọ́n tó pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ìṣirò sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ọrọ̀-ajé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọsàn lọ sí Fìdítì mọ bí owó rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà. Ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀, tí ó sì lè kọ ètò kọ̀ǹpútà, yóò wúlò ní báǹkì àti nílé iṣẹ́ tí ń rajà, tí ń tajà.

Àwa náà ti ṣi ìmọ̀ràn gbà ènìyàn rí. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ wa nípa ọmọ rẹ̀, a ní kọ̀ǹpútà ló lòde, kí ó máa lọ. A kò béèrè bí ọmọ náà ṣe ń ṣe nínú ìṣirò. Ọdún méjì ni ó fi ń fìdí rẹmi kí ó tó padà wálé. Pákó ni ó ń tà báyìí, Ọlọ́run sì ń bù kún un, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò rí owó ọdún méjì náà gbà padà, ojú sì ń tì wá nígbà tí a bá pàdé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà gba àyè rẹ̀ lórí ètò JAMB tí wọ́n ń pè ní CAPS kí ọjọ́ tó kọjá. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó ṣì lágbára tó fún un. Ẹ má tìtorí tuntun ta ilẹ̀. Kí ó tètè máa wá ibi tí yóò ti ṣe iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní IT. Ohun kan ni ẹ kò sì kọ sínú lẹ́tà yín: kí ni ó gbà nínú Ìṣirò àti Físíìsì? Bí ó bá jẹ́ C6 ni ó fi wọlé, ẹ wá olùkọ́ fún un kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa padà.