Òfin Ti Pẹ́ Nílẹ̀, Afọ́jú Kò Tíì Rí Ọ̀nà Sọdá

Ẹni tí ó bá mọ Kumasi yóò mọ Asafo, pẹ̀lú ọjà rẹ̀, ibùdókọ̀ rẹ̀ àti oríta ńlá tí ó wà níbẹ̀. Kí àṣẹ ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà ní November 1969, àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Kumasi. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ìlú náà kan àwa náà.

Báwo ni afọ́jú yóò ti sọdá ní irú ibẹ̀? Etí rẹ̀ ni ojú rẹ̀: ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ó ń fetí sí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dúró, tí fèrè ọkọ̀ àti igbe àwọn ọmọ ọkọ̀ gba gbogbo afẹ́fẹ́, tí ọjà kún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí gọ́tà sì lanu sílẹ̀, kí ni ọ̀pá funfun lè ṣe? Àwọn kan yóò ní kí aláàánú fà á lọ́wọ́. Àánú dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa dúró de aláàánú ní òròòwúrọ̀ kí ó tó lè dé ibi iṣẹ́?

Gánà ṣe Òfin 715 fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2006. Ó fún àwọn tí ó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 10 láti tún un ṣe. Ọdún náà pé ní 2016. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó dé inú ilé, títì ni yóò kọ́kọ́ là kọjá!

Kí a má sì yọ ṣùtì sí wọn. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní January 2019, tilẹ̀ dárúkọ ibi ìsọdá títì àti àwọn tí kò ríran. Ọdún 5 tí ó fi sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé ìjọba parí ní January 2024. Ẹ wo títì àdúgbò yín.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti oṣó. Ní ìlú Okayama ní Jàpáánì, ní March 1967, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ olóríkókó tí Seiichi Miyake ṣe, kí ẹsẹ̀ afọ́jú lè mọ etí títì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olùdíje bá dé, tiwa pàápàá, ẹ bi í léèrè bóyá yóò gbà pé kí a má san owó agbaṣẹ́ṣe tán títí afọ́jú yóò fi fi ọ̀pá rẹ̀ sọdá títì tuntun náà láìsí ẹni tí ó fà á lọ́wọ́.