Oúnjẹ Ọlọ́wẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn agbanisíṣẹ́ wa: pé àṣà òyìnbó ni kí òṣìṣẹ́ máa béèrè àkókò oúnjẹ àti ìsinmi, pé àwọn baba wa kì í wo aago kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọ̀wẹ̀ jẹ́ kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Bí àgbẹ̀ bá bẹ ọ̀wẹ̀, òun ni yóò wá oúnjẹ àti ẹmu fún àwọn tí ó wá bá a ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá mú, wọn a bọ́ sí abẹ́ igi, wọn a jẹun, wọn a bá ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ tí ó bá fi ebi pa wọ́n, òun nìkan ni yóò ro oko rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Wọ́n lè wí pé ọ̀wẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ owó. Ìwọ̀fà ńkọ́? Onígbèsè ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dúró fún èlé owó tí a yá. Síbẹ̀, bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ olówó rẹ̀ tán, ó ní àkókò tirẹ̀ tí ó fi ń ro oko ara rẹ̀.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. A kó ẹrú, a sì lò wọ́n nílòkulò. Ṣùgbọ́n kí ni kí a wí nípa òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí a ń pè ní kásúà, tí ó dúró ti ẹ̀rọ ní Ìkẹjà tàbí ní Ọ̀tà, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, tí kò sì rí àyè jókòó jẹun? Bí ó bá pẹ́ dé, wọn a yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ìsọ̀rí 13 sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, àti pé nínú ọjọ́ 7, ó gbọ́dọ̀ fi odidi ọjọ́ 1 sinmi. Ìsọ̀rí 5 kò gbà kí a yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, kí àwọn aṣojú ìjọba tí òfin fún láṣẹ láti yẹ ilé iṣẹ́ wò wọlé lọ, kí wọ́n béèrè ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun àti ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Agbanisíṣẹ́ tí kò bá rí ìdáhùn fún wọn, kí ó má ṣe dárúkọ àwọn baba wa. Ojúkòkòrò tirẹ̀ ni, kì í ṣe àṣà wa.