Ọ̀wọ́n gógó wálẹ̀ nínú ìwé, ta ló rí i lọ́jà?

Bí bàbá kan bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lówùúrọ̀, tó tan rédíò, tó gbọ́ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ti já wálẹ̀ láti ìdá 34.80 sí ìdá 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù kan ṣoṣo, ohun tó kù ni pé kó gbé àpò, kó kọrí sọ́jà. Tó bá débẹ̀ tán, tí ìyá elélùbọ́ sọ fún un pé iye tí òun tà á lánàá náà lòun ń tà á lónìí, kò ní í mọ ẹni tí kó bá jà, bóyá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni tàbí ìyá elélùbọ́.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Oṣù kejì ọdún 2025 ni àjọ NBS, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèṣirò iye tí ọjà ń lọ nílẹ̀ Nàìjíríà, gbé ìròyìn náà jáde. Ìdá 34.80 ni ti oṣù kejìlá ọdún 2024, ìdá 24.48 sì ni ti oṣù kìíní ọdún 2025. Ti oúnjẹ nìkan tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 39.84 ló ti já bọ́ sí 26.08. Láàárín oṣù méjèèjì yìí, epo bẹntiróòlù kò padà sí iye tí wọ́n ń tà á kí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Àwọn awakọ̀ ò tìtorí ẹ̀ dín owó ọkọ̀ kù. Ohun tó yí padà ni agbọ̀n.

Àjọ náà ní agbọ̀n kan tí wọ́n ń kó ohun tí ìdílé ń ná owó lé lórí sí, lórí ìwé ni o: oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀, aṣọ, oògùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oníkálukú wọn ló ní ìwọ̀n tirẹ̀ nínú agbọ̀n náà, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì tóbi jù ni ọ̀wọ́n rẹ̀ máa ń hàn jù nínú ìṣirò. Ọdún 2009 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ agbọ̀n àtijọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ sí ti 2024, nítorí náà ẹni tó bá ní kò yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kò sọ òótọ́. Ó ti pẹ́ jù pàápàá.

Ṣùgbọ́n nínú agbọ̀n àtijọ́, ìdá 51.8 ni oúnjẹ kó nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú tuntun, ó di 40.1. Oúnjẹ tí èèyàn ń rà jẹ níta, ní bùkátérìà àti òtẹ́ẹ̀lì, ló wá gba ààyè tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ó jọ pé àjọ NBS ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó jẹ́ pé orí ìkòkò nìkan ni gbogbo owó rẹ̀ ń lọ, tí kò sì jẹ oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì rí láyé rẹ̀, agbọ̀n tirẹ̀ kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Pé ọ̀wọ́n gógó wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé iye ọjà wálẹ̀. Bí ọkọ̀ tó ń gun òkè bá dín eré kù, òkè náà ló ṣì ń gùn. Ká ní ohun kan wà tó jẹ́ 1,000 náírà. Bí ọ̀wọ́n bá fi ìdá 34.80 gorí rẹ̀ lọ́dún kan, ó di 1,348 náírà. Lọ́dún kejì, bí ọ̀wọ́n bá wá rọlẹ̀ sí ìdá 15.15, tí ìjọba ń jó, tí wọ́n ń yọ̀, ohun náà ti di 1,552 náírà. Ìdá 15.15 yẹn gan-an ni àjọ náà kéde fún oṣù kejìlá ọdún 2025. Kí wọ́n tó kéde rẹ̀, wọ́n tún ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò padà, nítorí wọ́n ní bí àwọn bá lo ti tẹ́lẹ̀, iye náà yóò kàn fò sókè lójijì láìjẹ́ pé ọjà wọ́n sí i. Àlàyé wọn mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ti pọ̀ fún ẹni tí kò kàwé ìṣirò.

Òótọ́ wà níbẹ̀ ṣá o. Lọ́dún 2025, àwọn oúnjẹ kan wálẹ̀ ní tòótọ́. Àpò ìrẹsì tó lé ní 100,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dún 2024 dín kù, gàrí, ẹ̀wà àti àgbàdo náà dín kù. Ará ìlú ńlá dúpẹ́. Ọmọ tó ń kàwé n'Ìbàdàn pe bàbá rẹ̀ lóko lórí fóònù, ó ní ẹ kú oríire o, gàrí ti wálẹ̀. Bàbá dáhùn pé owó iléèwé rẹ ló wálẹ̀ yẹn.

Ohun méjì wà lára ohun tó fà á. Ìkórè dára ní àwọn ibì kan. Èkejì ni pé ní oṣù keje ọdún 2024, Mínísítà ètò ọ̀gbìn, Abubakar Kyari, kéde pé ìjọba yóò fún wọn láyè 150 ọjọ́ láti kó àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé láìsan owó orí. Ebi ń pa ará ìlú nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò lè ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tó ra ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn ìpako lówó gọbọi, tó san owó lébìrà, tó tún san owó ọkọ̀ tó kó ẹrù dé ọjà, kò sẹ́ni tó fún òun ní ọjọ́ 150 kankan. Ọ̀wọ́n ló fi gbìn, ọ̀pọ̀ ló bá lọ́jà. Ẹlòmíràn tà á ní iye tí kò tó ohun tó ná sí i, nítorí kò ní ibi tó lè kó o sí títí ọjà yóò fi sunwọ̀n. Bí irú wọn bá wá sọ pé àwọn ò ní í gbin àgbàdo mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú agbọ̀n wo ni wọ́n máa kó ìyẹn sí?

Àwọn tí ìdá tó ń wálẹ̀ yìí ń ṣe láǹfààní kúkú wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ CBN tìtorí rẹ̀ dín èlé tó fi ń ṣe òdiwọ̀n kù láti ìdá 27.50 sí 27. Àgbẹ̀ tó lọ yáwó lọ́wọ́ báńkì kékeré ìgbèríko kò gbúròó ìdajì ìdá náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò kàn jù lọ́jọ́ iwájú. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù keje ọdún 2024, sọ ọ́ di 70,000 náírà, ó sì ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta dípò márùn-ún. Ọdún 2027 nìyẹn. Bí wọ́n bá jókòó sídìí tábìlì, ìjọba yóò gbé ìwé àjọ NBS jáde, wọn á ní ọ̀wọ́n ti rọlẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ náà ti máa tọ́jú ìwé ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń rà lọ́jà láti ìsinsìnyí.