Ta Ni Ó Ni Ìyẹ̀wù Olókìkí?

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn olùfẹ́ òfófó ní ilẹ̀ yìí, pé ẹni tí ó bá ti gbà kí ayé mọ òun, ayé ni ó ni ín. Òṣèré tí ó gun orí ìtàgé, olórin tí ó ta àwo, agbábọ́ọ̀lù tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n ní kò sí èyí tí ó ní ìlẹ̀kùn mọ́ nínú wọn. Ẹni tí ó ń sùn tì, irú ènìyàn tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ìdí tí kò fi tí ì gbéyàwó ní ogójì ọdún, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ pé aráyé ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Irọ́ ni. Ojúmìító kì í ṣe ẹ̀tọ́, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tó tí àwọn tí ó ń jẹun nídìí rẹ̀ ti ń fi aṣọ ẹ̀tọ́ bò ó.

Òwò ni ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà Lagos Weekend, títí dé orí Prime People ní àwọn ọdún 1980, àti Fame àti City People tí wọ́n gòkè ní àwọn ọdún 1990, ìròhìn ta-ló-fẹ́-ta, ta-ló-kọ-ta kò fìgbà kan tán lórí àtẹ. Lónìí tí ẹ̀rọ alágbèéká ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, àtẹ náà ti wọ inú yàrá, kò sì sí olóòtú tí yóò béèrè ẹ̀rí kí àhesọ tó jáde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí òwò yìí lè gbé ènìyàn dé, kí ó yẹ ìtàn Justin Fashanu wò. Orúkọ náà kò fara sin fún ọmọ Yorùbá: Fáṣànú ni. Amòfin ọmọ Nàìjíríà ni baba rẹ̀, ará Guyana ni ìyá rẹ̀, Hackney ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1961. Nígbà tí ilé tú, wọ́n kó òun àti John àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé ti Barnardo's, láti ibẹ̀ ni tọkọtaya òyìnbó kan ní Norfolk ti gbà wọ́n tọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1980, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Norwich City, ó kẹ́yìn sí ojú ilé, ó ta bọ́ọ̀lù sókè, ó yí po, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a sínú àwọ̀n Liverpool. Norwich kò borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n BBC ka góòlù yẹn sí èyí tí ó dára jù lọ ní sáà náà. Ní ọdún 1981, Nottingham Forest san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn láti rà á. Kò sí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti san irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí ṣáájú rẹ̀.

Nottingham ni òfófó ti bá a. Wọ́n sọ fún Brian Clough, ọ̀gá tí ń darí ẹgbẹ́ náà, pé ọmọkùnrin yìí a máa lọ sí ilé fàájì àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn. Clough pè é, ó sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá tí ń wádìí olè. Òun tìkára rẹ̀ ni ó padà rò ó nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Góòlù Fashanu kò pọ̀ ní Forest, òótọ́ ni, ọ̀gá sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í nípa góòlù. Ibùsùn ni ó bi í. Kí ọdún 1982 tó parí, wọ́n ti tà á fún Notts County ní 150,000 pọ́n-ùn.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1990, The Sun gbé àṣírí náà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Fashanu ti gbọ́ pé ìwé ìròhìn mìíràn fẹ́ tú u, ó sì rò pé bí òun bá fi ẹnu ara òun sọ ọ́, òun yóò rí owó, òun yóò sì rí àlàáfíà. Owó ni ó rí. Wọ́n fi ìtàn àwọn aṣòfin àti àwọn olórin lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bọ́ síta, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀ nínú ìwé ìròhìn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kábàámọ̀. Ohun tí ó sì burú jù ni pé òwò náà sọ ẹni tí wọ́n tà di òǹtajà. Ní ọdún 1994, òun náà ti ń gbé ìtàn ìyẹ̀wù àwọn olóṣèlú kiri láti tà fún àwọn oníwèé ìròhìn, Hearts ní Scotland sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọdún 1998, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé ó fipá bá òun lò pọ̀. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ilé ẹjọ́, kò sì sí onílàákàyè tí yóò pè é ní ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù. Fashanu sẹ́, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní Shoreditch. Ó ti pa ara rẹ̀, ó sì kọ ìwé sílẹ̀ pé òun kò gbà pé òun lè rí ìdájọ́ òdodo. Ọmọ ọdún 37 ni. Bí ó jẹ̀bi, bí kò jẹ̀bi, ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án kò rí ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀, òun náà kò sì rí i. Ariwo ọdún mẹ́jọ ti mú kí ó dá a lójú pé kò sí etí tí ó ṣẹ́ kù tí kò tí ì dájọ́.

Wọ́n a ní ojúmìító ni ó ń mú òtítọ́ jáde. Èwo ni ó mú jáde níhìn-ín? Láti ọdún 1990 yẹn, ọdún 2022 ni agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin mìíràn tí ó ṣì ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún lanu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, Jake Daniels ti Blackpool. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni gbogbo aláǹgbá fi danú délẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sá sábẹ́ àṣà. Wọn a ní, kí ni Òkèbàdàn bí kò ṣe ọjọ́ tí à ń fi orin bú ènìyàn, tí à ń dárúkọ ohun ìkọ̀kọ̀ tọkùnrin tobìnrin láìtijú? Kí ni òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, bí kò ṣe ìgbà tí akọrin ń tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́? Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Oríkì pàápàá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìyìn, a máa dárúkọ àbùkù. Ṣùgbọ́n Òkèbàdàn ní ọjọ́. Ẹni tí ó bá tún gbé irú orin bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà onílé lọ́jọ́ kejì, ìjà ni ó ń wá, kò sì sí àgbà tí yóò gbè é. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin lójú ìlú tí ó mọ ilé baba rẹ̀, ẹni tí ó sì ń bú wà láàrin èrò, ó lè dáhùn. Ìwà tí ó pa ìlú lára ni ó ń bá wí: olè, ìjọba tí ń yan ni jẹ, ẹni tí ó jẹ owó ẹgbẹ́. Ẹni tí ó jókòó sínú yàrá, tí ó fi orúkọ ayédèrú bojú, tí ó ń tan àhesọ kálẹ̀ lójoojúmọ́ nípa ẹni tí kò mọ̀ rí, kò gbọdọ̀ da aṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bora.

Ojúmìító yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ojú rí ohun tí ó yẹ kí ó rí. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n lu ènìyàn, wọ́n fipá bá obìnrin lò, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ti ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìwádìí ìjọba parí sórí pé sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 1978 kan náà, Fẹlá fẹ́ obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ojú wọn rí màbo nígbà tí iná jó ilé yẹn. Kí ènìyàn béèrè ohun tí a mọ̀ nípa Fẹlá lójú pópó. Iye ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni pé àwọn obìnrin náà kò ní ìtàn mìíràn ju ibùsùn lọ.

Nígbà tí Fẹlá sì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, pe àwọn oníròhìn lọ́jọ́ kejì, ó sì sọ fún wọn pé àrùn éèdì ni ó pa á. Àwọn kan ń fi èyí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ pé ìdílé náà pàápàá tú àṣírí. Onílé ni ó ṣí ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀, nítorí kí àwọn tí ó wà láàyè lè ṣọ́ra ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé àrùn náà kò sí. Ẹni tí ó já ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn kò lè fi ìyẹn ṣe àwáwí.

Ní Nàìjíríà ti òde òní, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín. Láti oṣù kìíní ọdún 2014 ni òfin ti wà tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tí ó bá fẹ́ obìnrin níyàwó, àti ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni rò nípa òfin náà, ẹni tí ó ń fi ìka tọ́ òṣèré kan nítorí ìrìn rẹ̀ tàbí aṣọ ọrùn rẹ̀ ń fà á lé ọlọ́pàá àti àwọn jàǹdùkú lọ́wọ́, láìsí ẹ̀rí kankan, kí ó lè pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí Àyìnlá Ọmọwúrà wá. Ìjà ilé ọtí tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 àti àwọn obìnrin rẹ̀ yóò gba orí méjì, ìlò òwe àti àfiwé nínú orin rẹ̀ yóò gba ojú ewé mẹ́ta. Olùkọ́ yóò kà á, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fún un ní máàkì. Àwọn àwo àpàlà náà ń bẹ. Ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò ṣe àdàkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ, ni wọ́n ń wá.